Àlòkù Ìbọn Ọlọ́pàá

Òórùn ìbọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn kì í tètè kúrò lọ́wọ́. Èèyàn lè fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kó tún fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra á, bó bá gbé ọwọ́ súnmọ́ imú, á tún gbọ́ ọ: bí ìṣáná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú tí wọ́n da epo ẹ̀rọ díẹ̀ lé lórí. Mo gbé Texas fún ọdún bíi mélòó kan, òórùn yẹn sì wà lára àwọn nǹkan ibẹ̀ tí mo fẹ́ràn. Mo mọ̀ pé ó lè ya àwọn tó ń kà á lẹ́nu. Obìnrin Mùsùlùmí tó ń wé hìjáàbù, tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú fláàtì káńsù, ilé tí ìjọba ń háyà fún mẹ̀kúnnù, ní Peckham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ló wá dé ìdí ìbọn? Ẹ fara balẹ̀. N óò sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, n óò sì sọ ohun tó ń bí mi nínú títí di òní olónìí.

Ìgbéyàwó ló gbé mi débẹ̀. Ọkọ mi nígbà náà ń wa tírélà tó ń kó ẹrù láti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn, ó sì lè lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n má fojú kàn án. Ilé tí a háyà wà ní ìpẹ̀kun ìlú, níbi tí ilé kan kò ti lè gbọ́ igbe èkejì. Èmi tí mo dàgbà sáàárín ariwo, tí aládùúgbò òkè bá sín tí èmi ìsàlẹ̀ á máa ṣàdúà fún un, ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ya mí ní wèrè. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń múra ìrun Màgíríbì, mo rí i pé ọwọ́ ilẹ̀kùn ń yí. Ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí wà níta, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò kánjú. Mo pariwo, kò lọ. Mo pe ọlọ́pàá. Ọkùnrin náà yí ilé po, ó gbá fèrèsé wò, ó wá rìn lọ nígbà tó wù ú. Kí ọlọ́pàá tó dé, mo ti kí Màgíríbì, mo ti jókòó lé ilẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ ìdáná lọ́wọ́, mo sì ti kí Ìṣáì.

Ọlọ́pàá náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó yọ fìlà, ó wo ilẹ̀kùn, ó wo ọ̀bẹ ọwọ́ mi, ó mi orí. Ó ní, "Màdáámù, ọ̀nà yín jìn sí wa. Ẹ ní ìbọn?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ẹ lọ ra ọ̀kan." Bí ẹni ń sọ fún èèyàn pé òjò ń bọ̀, kó lọ ra agbòjò. Èmi ọmọ Peckham, mo bi í níbo ni wọ́n ti ń tà á, bí ẹni pé ó máa júwe ìsọ̀ kan fún mi ní Rye Lane, òpópónà ọjà wa nílé. Ó sì júwe ṣọ́ọ̀bù kan fún mi lóòótọ́.

Bàbá arúgbó kan tó dá irùngbọ̀n funfun sí ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ó wo hìjáàbù mi lẹ́ẹ̀kan, kò tún wò ó mọ́. Mo sọ fún un pé mi ò lówó ìbọn tuntun. Ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ gíláàsì, ó mú ìbọn ìléwọ́ dúdú kan jáde. Ó ṣàlàyé fún mi pé bí àwọn ọlọ́pàá ìlú kan bá fẹ́ pààrọ̀ ìbọn wọn, wọn á kó àwọn ti àtijọ́ fún oníṣòwò, oníṣòwò á bá wọn yọ ọ́ lára iye tí tuntun jẹ́, á wá tà á fún ẹnikẹ́ni tí òfin bá gbà láyè. Àmì ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá ìlú náà ṣì wà lára irin rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti họ, ó ń dán bí ṣíbí, nítorí ọdún pípẹ́ tó fi ń wọ àkọ̀ awọ, tó ń jáde nínú àkọ̀ awọ. Àwọn ojú kékeré mẹ́ta orí rẹ̀ tí wọ́n fi ń wo ibi tí ọta máa bà, tó yẹ kó máa tàn nínú òkùnkùn, ti ń kú lọ bí tọ́ọ̀ṣì tí bátìrì rẹ̀ ń tán. Ṣùgbọ́n nígbà tó tú u, inú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Bàbá náà ní, "Wọ́n gbé e kiri púpọ̀, wọn ò yìn ín púpọ̀."

Inú mi dùn sí àmì yẹn ju ìbọn náà lọ. Ẹ wo irú òmùgọ̀ tí mo jẹ́! Mo rò pé ìbọn tó ti bá ọlọ́pàá jẹ, tó ti bá ọlọ́pàá mu, á ti kọ́ ìwà. Mo rò pé ó máa dá ẹni rere mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni ibi. Wọ́n yẹ orúkọ mi wò lórí ẹ̀rọ ìjọba, orúkọ mi mọ́, mo gbé ìbọn mi lọ sílé nínú àpótí ike, mo sì gbé e sórí àga iwájú ọkọ̀, mo fi bẹ́líìtì dì í bí ọmọ.

Ìyá kan ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yìn ín. Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ni, ó ti wa bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó wá ń kọ́ àwọn obìnrin ní pápá ìyìnbọn. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo yìn ín, mo dijú. Ìbọn náà ta mí lọ́wọ́ bí ẹṣin, èèpo ọta tó gbóná sì fò wọ inú hìjáàbù mi lọ́rùn. Mo ń jó, mo ń ké, àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ mi mú gírí, nítorí ìbọn ṣì wà lọ́wọ́ mi, ó ní, "Kọ́kọ́ gbé e sílẹ̀. Lẹ́yìn náà o lè jó." Ohun méjì ló ń sọ fún mi léraléra bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní Fátíhà: má na ìbọn sí ohun tí o kò fẹ́ kó kú, má sì fi ìka kan tírígà, irin tí wọ́n ń fà kí ìbọn tó yìn, títí wàá fi pinnu. Ìka gbọdọ̀ na gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn. Bí mo bá gbàgbé, á lé mi jáde fún ọjọ́ náà, kò fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti sanwó.

Mo wá mọ̀ ọ́n yìn. Tírígà àlòkù yẹn le, ó sì jìn, àfi kéèyàn fà á pẹ̀sẹ̀pẹ̀sẹ̀ láì mí. Nígbà tó yá, gbogbo ihò tí mo bá lu sára bébà tí a ń yìnbọn sí, àtẹ́lẹwọ́ mi á bò wọ́n. Mi ò lè ṣàlàyé ayọ̀ yẹn tán. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé kí n rọra, kí n sún sẹ́yìn, kí n má jẹ́ kí wọ́n gbóhùn mi. Níbi tí mo ti ń yìnbọn, mo ń dún, kò sì sẹ́ni tó ní kí n dákẹ́. Ìyá olùkọ́ mi ya fọ́tò mi lọ́jọ́ kan: èmi nínú hìjáàbù aláwọ̀ aró, bébà ní ọwọ́ òsì, ìbọn ní ọwọ́ ọ̀tún, ẹnu rẹ̀ kọjú sílẹ̀, ìka mi na gbọọrọ. Mo fi í ránṣẹ́ sí Mummy àti àbúrò mi ọkùnrin ní Peckham. Mummy fi ohùn dáhùn: "Ọlọ́run má jẹ́ o lò ó o. Ṣùgbọ́n hìjáàbù yẹn mà bá ẹ mu." Àbúrò mi tọ́jú fọ́tò náà sínú fóònù rẹ̀, ó ń fi mí yangàn fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ọkùnrin tó yí ilẹ̀kùn mi kò padà wá mọ́. Mi ò na ìbọn náà sí ẹ̀dá alààyè kankan rí. Ìgbà tó yá, ìgbéyàwó náà tú, láìsí ìjà, bí aṣọ tó ti gbó ṣe ń ya. Ní àkókò kan náà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Mummy lórúnkún méjèèjì. Mo dá ìbọn padà fún bàbá onírùngbọ̀n, mo di ẹrù mi, mo padà sílé láti tọ́jú ìyá mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Mummy jẹ́, nítorí òun gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún. Ó ti nulẹ̀ ọ́fíìsì lórí ìkúnlẹ̀ fún gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ mi, ibẹ̀ ni orúnkún náà ti bàjẹ́. Ní fláàtì wa, báákónì gígùn kan ló wà níwájú, ilẹ̀kùn gbogbo àwọn aládùúgbò ló ṣí sí i, níbẹ̀ ni Mummy máa ń gbé àga sí láràárọ̀ tó ń kí gbogbo ayé. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àga ló fi ń kírun. Dókítà ní kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ mọ́, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ sì ti gbà fún aláìsàn kó jókòó. Ó máa ń dùn ún. Ó máa ń sọ pé òun ń wo ilẹ̀ bí ẹni ń wo ìlú rẹ̀ láti òkèèrè.

Ọ̀sán Sátidé ni. Àbúrò mi ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ní Rye Lane, ni àwọn ọlọ́pàá dá a dúró, wọ́n ní ó jọ ẹnì kan tí àwọn ń wá. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n gba fóònù rẹ̀, wọ́n rí fọ́tò. Ó sọ fún wọn pé, "That's my big sister, man, in America, ages ago." Wọn ò gbà á gbọ́, wọ́n ní irú ìbọn bẹ́ẹ̀, tí òfin kọ̀ níbí, ní láti wà nílé wa, wọ́n fi í sínú ọkọ̀. Èmi ò mọ nǹkan kan. Mo ń fọ ìrẹsì nínú kíṣìnì, Mummy wà lórí àga rẹ̀ ní pálọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sálámà ìrun Ásárì. Ilẹ̀kùn wa kò ṣí, ó wó ni. Igbe àwọn ọlọ́pàá kún inú ilé, iná pupa kékeré tó ń jáde lára ìbọn wọn ń sáré lára ògiri, wọ́n ní ká jáde, ká jáde, ká gbọ́wọ́ sókè.

Wọ́n ní ká kúnlẹ̀ sórí báákónì. Mo kúnlẹ̀. Mummy dúró, ó di irin báákónì mú, ọ̀rọ̀ náà kò tíì yé e. Mo ké pé, "Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kò lè kúnlẹ̀!" Ẹnì kan fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ léjìká. Ìyá mi kúnlẹ̀ sórí kọnkéré. Mi ò ní kọ irú ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ síbí. Hìjáàbù rẹ̀ ṣí, irun funfun rẹ̀ bọ́ síta lójú gbogbo àwọn tó ti ń yọjú. Ó ní, "My scarf, please." Wọ́n ní kó má mira. Ẹni tí Ọlọ́run Ọba dá sí, tó ní kó jókòó kó máa sin Òun, àwọn ọmọ tó lè bí ní ọmọ-ọmọ ni wọ́n mú un kúnlẹ̀.

Mo wá gbójú sókè. Ẹlòmíràn ni, ìbọn ló máa rí. Èmi rí ìka. Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀dọ́, ojú rẹ̀ pọ́n wẹ̀ẹ̀, na ìbọn sí ẹ̀yìn orí ìyá mi, ìka rẹ̀ sì wà lórí tírígà. Mo rántí bí tírígà tèmi ṣe jìn tó, síbẹ̀ mo mọ̀ pé ikọ́ kan, ìró ilẹ̀kùn kan, ti tó láti mú kó fà á. Mi ò ké mọ́. Mo fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì pé, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ìka yín kúrò lórí tírígà." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi ọwọ́ ẹlòmíràn hàn. Ó sì yọ ọ́.

Ṣé ẹ mọ ohun tí ọ̀gá wọn bi mí? Ó ní, "Báwo lo ṣe mọ̀ nípa ìbọn tó bẹ́ẹ̀?" Ohun tí mo mọ̀ tó gba ìyá mi là, òun náà ló tún dà lé mi lórí. Wọ́n fi irin dè mí lọ́wọ́. Wọ́n da ìrẹsì sílẹ̀, wọ́n la bẹ́ẹ̀dì Mummy, wọ́n tú àpótí tí Mummy kó aṣọ bàbá mi tó ti kú sí. Wọn ò rí nǹkan kan. Mo ní, "Ẹ fẹ fọ́tò náà, ẹ wo ara ìbọn yẹn dáadáa. Ọlọ́pàá ló tà á. Irú yín ló ni ín kí n tó rà á." Ọ̀kan nínú wọn fẹ fọ́tò náà, ó rí àmì. Ó rẹ́rìn-ín. Ó fi han ẹnì kejì, ìyẹn náà rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ṣì wà lórí kọnkéré.

Wọ́n tú àbúrò mi sílẹ̀ ní àṣálẹ́. Ó bá wa níbi tí a ti ń fi yìnyín sí orúnkún Mummy, pákó ni wọ́n kàn mọ́ ibi tí ilẹ̀kùn wà. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Mummy, ó gbé orí lé e, ọmọkùnrin tó ga bí ọ̀pẹ. Mummy ní, "Ṣé wọ́n fún ẹ lóúnjẹ?" Ìbéèrè tó bi í nìyẹn.

Orúnkún kan wú, wọ́n tún ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Lẹ́yìn ìyẹn Mummy kò gbé àga síta mọ́. Kò lọ sí mọ́sálásí. Ikú yá ju ẹ̀sín ni àwọn àgbà ń sọ, mo sì rí i bó ṣe ń gbé ẹ̀sín náà kiri láìkú. Àwọn Aunty kan wá kí i, wọ́n fà mí sí kọ̀rọ̀. Ọ̀kan ní, "Ìwọ náà, obìnrin, kí ló gbé ẹ dé ìdí ìbọn? Fọ́tò yẹn ló fà á." Mo ní, "Aunty, ẹ má bínú. Ṣé fọ́tò ló tẹ Mummy léjìká?" Ó ní èmi ò lẹ́nu rere. Mo gbà. Ọ̀rọ̀ líle ní í yọ ọfà lápó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tútù mi ti tán lọ́jọ́ yẹn. Mi ò ṣe nǹkan tí òfin kọ̀, ní ilẹ̀ tí mo ti ṣe é, mi ò sì ní gbé ẹ̀bi tí kì í ṣe tèmi kí ọkàn ẹlòmíràn lè balẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọlọ́pàá. Mo lọ bá lọ́yà kan ní Deptford. Àwọn ọlọ́pàá ní àwọn ṣe ohun tó yẹ kí àwọn ṣe pẹ̀lú ohun tí àwọn mọ̀. Mo tún pè. Mo jókòó níwájú wọn lẹ́yìn ṣíìfù mi, pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù iṣẹ́ lọ́rùn, títí wọ́n fi mọ ohùn mi. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ní ọ̀gá kan máa wá tọrọ àforíjì nílé.

Obìnrin ni, irun rẹ̀ ti ń funfun. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé a sọ fún un. Ó jókòó ní pálọ̀, ó gbé fìlà sórí ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Mummy gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó ní Yorùbá lòun máa sọ, kí n máa túmọ̀. Ó gbọ́wọ́ sókè, ó dá obìnrin náà dúró.

Ó ní, "Sọ fún un pé ìta ni wọ́n ti ṣe é. Ìta ni kó ti bẹ̀ mí."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá náà wo ilẹ̀kùn, ó wo èmi. Ó dìde. Àbúrò mi gbé àga Mummy síta, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yẹn. Mummy wé hìjáàbù tó fi ń lọ sí Yídì, ó rọra jáde, ó jókòó. Àwọn ilẹ̀kùn ń ṣí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí báákónì. Ọ̀gá náà dúró sí iwájú rẹ̀, ó ní òun bẹ̀bẹ̀ fún ohun tó ṣẹlẹ̀.

Mummy ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀? Kó pè é lórúkọ."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Obìnrin náà wá sọ ọ́ sókè: pé wọ́n mú ìyá àgbà tó ń ṣàìsàn kúnlẹ̀ sórí kọnkéré, pé wọ́n ṣí i lórí, pé wọ́n na ìbọn sí i, kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ojú rẹ̀ pọ́n. Àwọn aládùúgbò gbọ́. Èmi ń retí kí Mummy bú sí i, kó ṣépè fún un, mo ti ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó máa gbé èpè náà lẹ́nu. Mummy kàn ní, "Mo ti gbọ́," ó sì ní kí àbúrò mi fún àlejò ní omi.

Mummy ti ṣaláìsí báyìí. Kò sọ fún mi rí bóyá ó dárí jì wọ́n, mi ò sì bi í. Àbúrò mi ti kó lọ sí Brockley, ó ní ìyàwó. Mo ṣì ń gbé fláàtì yẹn. Àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi pé ó ti pẹ́, kí n jẹ́ kó lọ. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀, mo sì ti rí i pé kì í ṣe àìsàn, ìbínú yìí. Kì í jẹ́ kí n ṣìwà hù, kì í dí mi lọ́wọ́ oorun. Ó kàn wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ kéékèèké tí wọn ò tíì dáyé nígbà náà máa ń kọjá lórí báákónì láàárọ̀ tí wọ́n bá ń lọ sí iléèwé, wọ́n á ní, "Morning, Mummy." Ó kọ́kọ́ máa ń bá mi lójijì, bí ẹni pé Mummy tèmi ni wọ́n ń pè. Mo máa ń dá wọn lóhùn.